Ẹja Ni Tàbí Akàn? Ìtumọ̀, Ìlò àti Orísun Ọ̀rọ̀ “Crawfish”, àti Ipò Edé nínú Ẹ̀kọ́ Yorùbá

1. Ìfáárà

Bí a bá rán ènìyàn níṣẹ́, tí ó sì padà dé, ìbéèrè tí Yorùbá máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ẹja ni tàbí akàn?” Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá iṣẹ́ náà yọrí sí rere tàbí kò yọrí. Ẹni tí ó bá ní ẹja ni, ọwọ́ rẹ̀ ba ohun tí ó wá lọ. Ẹni tí ó bá ní akàn ni, òfo ni ó bọ̀. Ìbéèrè yìí kò lè nítumọ̀ àfi láàárín àwọn ènìyàn tí ó mọ̀ dájú pé ẹja kì í ṣe akàn, tí wọn kò sì jẹ́ fi orúkọ ọ̀kan pe èkejì.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí jẹ́ èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akàn, tí ó sì parí sí ẹja lẹ́nu àwọn tí ó yá a lò. Ọ̀rọ̀ náà ni crawfish, tí àwọn mìíràn ń pè ní crayfish. Ẹ̀dà kejì yìí ni ó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, kò sì sí ọjà kan ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí tí a kò ti lè gbọ́ ọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdáhùn wa ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú iṣẹ́ wa. Bí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí bí a ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tàbí ìkọ́kọrẹ́, púpọ̀ nínú wọn ni yóò kọ kiréfíìṣì, bí ẹni pé Yorùbá kò ní orúkọ fún ohun tí ó ti ń jẹ láti ayébáyé. Bí a bá sì fún wọn ní edé láti túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, crayfish ni wọn yóò kọ, olùkọ́ yóò sì fún wọn ní máàkì. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé edé ni ọ̀rọ̀ tí ó péye nínú méjèèjì, pé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń rọ́pò rẹ̀ kò bá ẹranko náà mu, àti pé àṣìpè yìí lè pa ènìyàn lára.

2. Orísun ọ̀rọ̀ náà

Nínú èdè Jámánì àtijọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí í ṣe krebiz. Àwọn ẹranko inú omi tí ó ní èèpo líle àti ọwọ́ bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ń fi pè. Ọ̀rọ̀ yìí àti crab, tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi pe akàn, ìbátan ni wọ́n. Inú rẹ̀ náà ni Krebs tí àwọn ará Jámánì ń lò títí di òní ti wá. Àwọn Faransé gba ọ̀rọ̀ náà, ó sì di crevice lẹ́nu wọn. Lóde òní, écrevisse ni wọ́n ń pè é.

Ní 1066, àwọn Normandi tí ń sọ èdè Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wọn di èdè ààfin àti ti àwọn ọlọ́lá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ oúnjẹ sì bá a wọlé. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, a rí ẹ̀dà bíi crevis àti crevisse. Títí dé ibí yìí, kò sí ẹja nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Sílébù rẹ̀ tí ó kẹ́yìn, vis, kò nítumọ̀ kankan fún ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí ènìyàn sábà máa ń ṣe sí ọ̀rọ̀ àlejò tí apá kan rẹ̀ kò yé e ni pé kí ó tún apá náà rọ, kí ó lè dà bí ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ vis, wọ́n sì rántí fish. Ní gúúsù ilẹ̀ wọn pàápàá, àwọn kan wà tí ń pe f bíi v, nítorí náà ọ̀nà tí ó wà láàárín vis àti fish kò jìn. Ẹranko náà sì ń gbé inú omi. Kí ni wọn ìbá tún máa wá? Láàárín 1500 sí 1700, crayfish àti crawfish ti wọ inú ìwé. A lè to ìrìn àjò ọ̀rọ̀ náà báyìí:

(1) krebiz (Jámánì àtijọ́) → crevice (Faransé àtijọ́) → crevis, crevisse (Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lẹ́yìn 1066) → crayfish, crawfish (Gẹ̀ẹ́sì òde òní)

Ohun méjì ni ó yẹ kí á ṣe àkíyèsí níbí. Èkíní ni pé crayfish àti crawfish kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ̀ka méjì ni wọ́n lára igi kan, tí ó yapa nítorí bí wọ́n ṣe ń pe sílébù àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé inú crawl, tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan máa rákò, ni craw ti jáde, ìrísí ọ̀rọ̀ ni ó tàn án jẹ. Èkejì ni pé irú àtúnrọ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì pin sí orí ẹranko omi. Bí aáyán ṣe di cockroach lédè Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn: cucaracha ni àwọn Sípáníìṣì ń pè é, kò sì ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú cock tí ó jẹ́ àkùkọ.

A kò gbọdọ̀ fi èyí fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe yẹ̀yẹ́. Láyé àtijọ́, fish fẹ̀ ju bí ó ti rí lónìí lọ. Ohun gbogbo tí ń gbé inú omi ni wọ́n lè fi pè, ìdí sì nìyí tí starfish, jellyfish àti shellfish fi wà nínú èdè wọn, tí ọ̀kan kò sì jẹ́ ẹja nínú wọn. Àmọ́ ẹja Yorùbá kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń gbé ọ̀rọ̀ láti inú èdè kan sí èkejì.

3. Ìlò rẹ̀ káàkiri àgbáyé

Ọ̀rọ̀ tí ó ti ṣìnà lẹ́ẹ̀kan lè tún ṣìnà lẹ́ẹ̀kejì. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí, crayfish ni ẹranko odò tí kò níyọ̀, tí ó ní èèpo líle, ẹsẹ̀ mẹ́wàá, àti ọwọ́ ńlá méjì níwájú tí ó fi ń mú nǹkan. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá náà, àwọn ọwọ́ méjì wọ̀nyẹn wà lára wọn. Irú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ ju 600 lọ. T. H. Huxley, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ odindi ìwé kan lórí rẹ̀ ní 1880, tí ó fi ẹranko kan ṣoṣo náà ṣe ìlẹ̀kùn sí gbogbo ẹ̀kọ́ nípa ẹranko.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà kò dúró lójú kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, crayfish ni ti inú odò, ṣùgbọ́n àwọn apẹja a máa fi crawfish pe ẹranko òkun ńlá kan tí ó kún fún ẹ̀gún lára, tí kò sì ní ọwọ́ ẹ̀mú rárá. Ní Gúúsù Áfíríkà àti Ọsirélíà, crayfish ni wọ́n sábà ń pe irú ẹranko òkun bẹ́ẹ̀.

Amẹ́ríkà ni crawfish ti fìdí múlẹ̀ jù, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Níbẹ̀, àwọn tí baba ńlá wọn ń sọ Faransé ń pe ẹranko náà ní écrevisse, àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní crawfish, tí ó fi jẹ́ pé ìyá ọ̀rọ̀ àti ọmọ rẹ̀ jọ ń gbé ìlú kan. Àwọn àgbẹ̀ a máa sìn ín nínú oko ìrẹsì nígbà tí wọ́n bá ti kórè. Ní 1959, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà fi orúkọ olú-ìlú crawfish àgbáyé dá ìlú Breaux Bridge lọ́lá. Ní 1983, wọ́n sọ ẹranko náà di ọ̀kan nínú àwọn àmì ìpínlẹ̀ wọn.

Ní Amẹ́ríkà kan náà, láti àwọn ọdún 1800, crawfish di ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ẹ̀rù bá ba ẹranko yìí, ńṣe ni yóò fi ìrù gbá omi, tí yóò sì ta padà sẹ́yìn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lo orúkọ rẹ̀ fún ẹni tí ó bá yẹ àdéhùn, tàbí tí ó fi ọ̀rọ̀ tí ó ti sọ sílẹ̀ nígbà tí ó rí i pé nǹkan fẹ́ le. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pàdé irú ìlò bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, tí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí “ó di edé”, ó ti sọnù. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún un:

(2a) Ó fà sẹ́yìn.
(2b) Ó yẹ àdéhùn.
(2c) Ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

4. Ohun tí à ń pè ní crayfish ní Nàìjíríà

Kókó ọ̀rọ̀ wa dé wàyí. Nínú gbogbo irú crayfish tí ó wà láyé, kò sí ọ̀kan tí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Áfíríkà, bí a bá yọ erékùṣù Madagascar sílẹ̀. Àwọn tí a lè rí nínú omi Áfíríkà lónìí, ènìyàn ni ó kó wọn wá. Fún àpẹẹrẹ, ní 1970 ni wọ́n kó irú ti Louisiana sínú adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà, ó sì bí sí i gidigidi títí ó fi ń jẹ ewéko inú omi náà run. Bí crayfish kò bá sí nínú odò wa, kí ni a wá ń rà lọ́jà?

Edé ni. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní shrimp tàbí prawn ni. Edé wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí ó pọ̀ jù lọ́jà ni èyí tí àwọn onímọ̀ sọ ní Nematopalaemon hastatus. Etí òkun àti ibi tí odò ti ń pàdé òkun ni ó ń gbé. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, a sì lè rí inú rẹ̀ látìta nígbà tí ó bá ṣì tútù. Àwọn apẹja Ìlàjẹ ní etí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn apẹja ẹkùn Niger Delta títí dé Ibeno àti Oron. Wọ́n ń fi àwọ̀n kó o, wọ́n sì ń sá a sí oòrùn tàbí kí wọ́n yan án lórí iná. Èéfín ni ó ń fún edé yíyan ní òórùn tí a mọ̀ ọ́n mọ́.

Edé ńlá inú odò àti ọ̀sà tún wà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Macrobrachium vollenhovenii. Láti Senegal títí dé Angola ni a ti ń rí i, ó sì wà nínú ọ̀sà Èkó àti àwọn odò tí ń ṣàn wọ̀ ọ́. Ìgèrè ni àwọn apẹja sábà fi ń mú un. Èyí ní ọwọ́ gígùn níwájú, ènìyàn sì lè rò pé òun gan-an ni crayfish. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, kò ki bí ẹ̀mú. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń bímọ tún ya wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ crayfish ti jọ ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti jáde nínú ẹyin, inú odò kan náà ni yóò sì dàgbà sí. Ọmọ edé odò yìí kò rí bẹ́ẹ̀: omi tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ díẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé, kí ó tó lè padà sókè odò nígbà tí ó bá dàgbà díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn abo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà ọ̀sà nígbà tí wọ́n bá lóyún.

5. Ọ̀rọ̀ náà, edé

Sílébù méjì ni edé ní. Ohùn àárín wà lórí ìkíní, ohùn òkè sì wà lórí ìkejì. Ó bá òfin èdè wa mu, nítorí pé fáwẹ́lì tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í ní ohùn òkè. Bí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, wàhálà dé. Ẹ wo gbólóhùn yìí, tí a kọ láìsí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà:

(3) Ede dara pupo.
(3a) Èdè dára púpọ̀.
(3b) Edé dára púpọ̀.
(3c) Ẹdẹ dára púpọ̀.

Nínú (3a), ohun tí a fi ń sọ̀rọ̀ ni. Nínú (3b), ohun tí a fi ń sebẹ̀ ni. Nínú (3c), ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni. Olùkọ́ tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ tí yóò fi hàn pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ó ti rí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó já fáfá lè sọ pé inú dé ni edé ti wá: bóyá nítorí pé ó ń dé ní àsìkò, tàbí nítorí pé ó dé èèpo lórí bí ẹni dé fìlà. A gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún un. Òótọ́ ni pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ e- wà nínú èdè wa, ìrísí ọ̀rọ̀ náà sì gba irú àlàyé bẹ́ẹ̀ láyè. Ṣùgbọ́n ìrísí nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí fish nínú vis nìyẹn. Títí ẹ̀rí yóò fi wà láti inú àwọn ẹ̀ka-èdè àti àwọn èdè tí ó bá Yorùbá tan, kí á gba edé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ ìpìlẹ̀ tí a kò lè tú sí wẹ́wẹ́.

Ìlò ọ̀rọ̀ náà ni ó fi ọgbọ́n Yorùbá hàn jù. Yorùbá a máa fi ẹja ṣáájú orúkọ irú ẹja:

(4a) ẹja àrọ̀
(4b) ẹja òbòkún
(4c) ẹja epìyà

Ṣùgbọ́n a kò jẹ́ gbọ́ (5a) tàbí (5b) lẹ́nu ẹni tí ó gbọ́ èdè:

(5a) *ẹja edé
(5b) *ẹja akàn

Ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé obìnrin kan ra ẹja, ó ra edé, ó sì ra akàn. Mẹ́ta ni wọ́n. Ìpín tí èdè wa ṣe yìí bá ti àwọn onímọ̀ ẹ̀dá abẹ̀mí mu. Ẹja ní eegun ẹ̀yìn. Edé àti akàn kò ní eegun kankan nínú ara, èèpo òde ni ó gbé wọn ró, wọ́n sì ń bọ́ èèpo náà sílẹ̀ bí wọ́n bá ń dàgbà. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ya edé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹja nínú èdè Yorùbá kò lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ríran.

Bí ó bá di ti ìyàtọ̀ láàárín irú edé kan àti òmíràn, ẹ̀yán ni a ń lò: edé tútù, edé gbígbẹ, edé wẹ́wẹ́, edé ńlá, edé lílọ̀. Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà pín wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: shrimp tàbí prawn bí ó bá tútù, crayfish bí ó bá gbẹ. Ọmọ ìlú ńlá tí ó gba ìpín yìí gbọ́ yóò rò pé ẹranko méjì ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni. Àwa kì í fún ẹran ní orúkọ mìíràn nítorí pé a yan án.

6. Edé lẹ́yìn odi ilẹ̀ Yorùbá

Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó sọ irú ẹranko yìí lórúkọ ní agbègbè wa. Ní nǹkan bí 1472, àwọn awakọ̀ òkun Pọtogí dé ẹnu odò Wouri, níbi tí ìlú Douala wà lónìí. Wọ́n bá ẹranko tí ó dà bí edé tí ó ń wọ́ lọ ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ nínú omi, wọ́n sì sọ odò náà ní Rio dos Camarões, èyí ni Odò Edé. Láti inú camarões yìí ni orúkọ orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù ti wá. Àwọn Pọtogí kò fi ẹja kún un.

Ọ̀rọ̀ Pọtogí yìí kan náà ni àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil bá níbẹ̀. Ní Bahia, àkàrà di acarajé, orúkọ tí a ti ń gbọ́ àkàrà àti jẹ nínú rẹ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n sì ń fi edé gbígbẹ sí i. Iṣẹ́ àwọn obìnrin alákàrà wọ̀nyí ti wọ ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè Brazil láti 2005. Àkàrà ṣì ń jẹ́ àkàrà níbẹ̀, ṣùgbọ́n camarão ni edé inú rẹ̀ ń jẹ́ lẹ́nu ọlọ́jà. Àwọn wọ̀nyẹn, ipá ni a fi gbà wọ́n kúrò ní ilé àti nínú èdè wọn. Àwa tí a wà nílé, ta ni ó fi ipá gba edé lọ́wọ́ wa?

7. Ewu tí ó wà nínú àṣìpè

Àwọn kan lè sọ pé orúkọ kò bà ọbẹ̀ jẹ́, bí ó bá ti dùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn wà tí ara wọn kò gba edé. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, ara lè máa yún wọn, ètè àti ojú wọn lè wú. Ti ẹlòmíràn le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà ọ̀fun yóò fi dí, tí kò ní lè mí dáadáa, tí ẹ̀mí rẹ̀ yóò sì wà nínú ewu. Ohun tí ó sábà ń fa èyí ni èròjà kan tí ń jẹ́ tropomyosin. Ó wà nínú edé, ó wà nínú akàn, ó sì wà nínú crayfish ti àwọn ará Louisiana. Kí edé gbẹ, kí a sè é tàbí kí a lọ̀ ọ́ kúnná kì í sọ ọ́ di aláìléwu.

Ẹ wá wo ẹni tí dókítà sọ fún lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kò gbọdọ̀ jẹ shrimp mọ́. Ó lè yẹra fún edé ńlá inú àwo ìrẹsì ní ilé oúnjẹ, kí ó sì jẹ mọ́ínmọ́ín tí a fi edé lílọ̀ sí, nítorí pé crayfish ni ó mọ̀ ọ́n sí, fish sì ni ó gbọ́ ní ìparí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé edé ni dókítà pè é, tí alásè náà sì pè é ní edé, ìyá àgbà tí kò kàwé rí yóò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Orúkọ kan ṣoṣo yìí lè dáàbò bo ènìyàn níbi tí orúkọ mẹ́ta ti lè kó bá a.

Ewu kejì kan odò wa. Ẹni tí ó bá rò pé crayfish ti wà nínú omi wa tẹ́lẹ̀ lè má rí ohun tí ó burú nínú kí á ra irú rẹ̀ láti òkè òkun wá sìn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Naivasha tó kí á fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

8. Àbá fún àwa olùkọ́

A kò lòdì sí ọ̀rọ̀ àyálò. Búrẹ́dì àti tábìlì wọlé pẹ̀lú ohun tí a kò ní tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti di ti wa. Kiréfíìṣì pàápàá tẹ̀lé òfin ìró wa: a fi i sí àárín k àti r nítorí pé Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì pọ̀, a sì fi i parí rẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ wa kì í parí sí ìró ṣ. A lè fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń yá ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí á gbà á nínú àròkọ dípò edé, nítorí pé kò dí àlàfo kankan.

Nínú iṣẹ́ ìtumọ̀, a dá a lábàá pé:

(i) bí ìwé Nàìjíríà bá wí pé crayfish, kí á túmọ̀ rẹ̀ sí edé gbígbẹ, tàbí edé lílọ̀ bí ó bá jẹ́ èyí tí a ti lọ̀;
(ii) kí á túmọ̀ shrimp àti prawn sí edé, kí á sì fi ẹ̀yán sọ bí ó ti tóbi tó;
(iii) bí crawfish bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, kí á lo fà sẹ́yìn tàbí yẹ àdéhùn, bí ọ̀rọ̀ bá ti rí;
(iv) bí ìwé bá ń sọ nípa ẹranko ti Louisiana tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, kí á pè é ní edé ẹlẹ́mùú.

Àbá kẹrin yìí fẹ́ àlàyé díẹ̀. Yorùbá kò sọ ẹranko náà lórúkọ nítorí pé kò bá a pàdé. Kò sí àbùkù nínú èyí: ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ọmọ náà kò sì sí nílé. Ẹ̀mú ni irin tí alágbẹ̀dẹ fi ń di nǹkan gbígbóná mú. Oní àti ẹ̀mú di ẹlẹ́mùú, gẹ́gẹ́ bí oní àti ìlú ti di onílùú. Ọwọ́ kíki tí ó dà bí ẹ̀mú ni ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí lára ẹranko náà, òun náà ni ó sì yà á sọ́tọ̀ sí edé tiwa. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa bá ní èyí tí ó sàn jù, kí wọ́n mú un wá.

Nínú kíláàsì, ohun èlò ìkọ́ni fún ẹ̀kọ́ yìí kò wọ́n. Kí olùkọ́ mú edé tútù kan, akàn kan àti ẹja kékeré kan wọlé. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n wá eegun ẹ̀yìn lára wọn, kí wọ́n sì sọ èyí tí ó bá èyí tan. Lẹ́yìn èyí, kí á rán wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn ìyá wọn, kí wọ́n kọ gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pe oríṣiríṣi edé sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè wọn. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì yóò mú ohun tí ọmọ òkè ilẹ̀ kò ní mú wá. Bí a bá kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ láti ilé-ìwé kan sí òmíràn, ẹgbẹ́ wa lè ní àkójọ orúkọ ẹranko omi tí àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè yóò dúpẹ́ fún. Àwọn àgbà apẹja tí ó mọ orúkọ wọ̀nyí kò ní wà títí láé.

9. Ìkádìí

A ti rí i pé crawfish àti crayfish jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, pé inú ọ̀rọ̀ Jámánì àtijọ́ tí ó bá akàn tan ni ó ti wá, àti pé àṣìgbọ́ ni ó sọ ọ́ di ẹja. A rí i pé kò dúró sójú kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, àti pé ẹranko tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ní tòótọ́ kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ nínú odò wa. Edé ní tirẹ̀ kò yẹ̀ kúrò lórí ohun tí ó ń pè, ìyá àgbà àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì lè jọ lò ó láìṣi ara wọn gbọ́.

Ìgbà mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ kiréfíìṣì sínú ìwé rẹ̀, kí á má kàn fa ìlà pupa sí i. Kí á bi í pé ẹja ni tàbí akàn. Bí ó bá dáhùn pé kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, pé edé ni, ẹ̀kọ́ ti wọlé.